Bàbá Bọ́ọ̀dù àti Ayùn Ọlọ́wọ́ Méjì

Ọjọ́ tí wọ́n fi Abdulkadir káfíńtà jẹ ọmọ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlọfà, pákó ló gbé lọ sípàdé. Kì í ṣe pákó kékeré o. Pákó apá tó gùn ju ènìyàn lọ ni, ó gbé e lé èjìká, ó ń kí àwọn tó ń pàdé lọ́nà bí ẹni pé agbòjò lásán ló gbé dání. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé, ó fẹ̀gbẹ́ wọlé, ìdí pákó sì gbá fìlà alága bọ́ sílẹ̀.

"Kadiri, kí lèyí?" Lazarus ló béèrè bẹ́ẹ̀. Lazarus jẹ́ tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ Abdulkadir láti kékeré ni, òun sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà.

"Bọ́ọ̀dù ni," ni Abdulkadir fèsì. "Bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ ní kí n wá dara pọ̀ mọ́. Mo wo inú ulé yìí yíká, mi ò rí bọ́ọ̀dù kankan. Orí àga oníke ni gbogbo yín jókòó sí, ẹ káwọ́ lé itan bí ẹni ń dúró de dókítà."

Ó tẹ́ pákó náà sórí àga méjì láàrin wọn. Ó ní àwọn Òyìnbó tó ni ọ̀rọ̀ yẹn, ìdí pákó ni wọ́n ti ń dámọ̀ràn, orí pákó kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun, débi pé oúnjẹ gan-an ń jẹ́ bọ́ọ̀dù lẹ́nu wọn. "Nítorí náà, kí á tó ṣí ìpàdé, oúnjẹ dà?"

Alága ní kò sí oúnjẹ. Abdulkadir gbé pákó rẹ̀ padà sí èjìká, ó ní níbi tí kò bá ti sí oúnjẹ, kì í ṣe bọ́ọ̀dù, ìjókòó òfo ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n máa tún ṣèpàdé, wọ́n ti bẹ ẹnì kan kó se ìrẹsì àti ẹ̀wà sílẹ̀. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí lójú ìpàdé láti ọdún tó kọjá ti jókòó kí alága tó dé. Láti ọjọ́ náà ni Abdulkadir ti di Bàbá Bọ́ọ̀dù lẹ́nu tọmọdé tàgbà.

Ó ti kú báyìí, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ṣùgbọ́n bí Lazarus bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí oorun àgbà bá rọra ń kùn ún, ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a tún máa dún létí rẹ̀ láàrin oorun àti ìtají, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fá pákó ní ilé kejì. Lazarus kì í fẹ́ jí nígbà náà. Ó máa ń rò ó pé bí òun bá ṣáà di ojú òun mú, ọ̀rẹ́ òun á parí ìtàn tó ń sọ.

Lazarus gan-an ló fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù sí i lọ́rùn, kí wọ́n tó fi í jẹ ọmọ ìgbìmọ̀. Abdulkadir wá tún pátákó ìkọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ kàn nígbà òjò kan, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì béèrè pé, "Tíṣà, kí ló dé tí ẹ ń pe pákó yìí ní bọ́ọ̀dù, tí ẹ tún ń pe àwọn ọ̀gá tó ń gbé tíṣà kiri láti ìlú dé ìlú ní bọ́ọ̀dù? Ewo ló jọ èwo níbẹ̀?"

Òjò kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ sílé. Lazarus bá gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó tóbi bí òkúta ìlọta, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Ó ní pákó ni ọ̀rọ̀ náà látilẹ̀wá. Láyé àtijọ́, ilé àwọn Òyìnbó kéré, wọn kì í ní tábìlì. Pákó kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ́ sórí igi láti jẹun. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á gbé e ti ògiri, kí wọ́n lè ráyè sùn. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi orúkọ pákó pe oúnjẹ orí rẹ̀. Nígbà tó tún yá, wọ́n ń fi í pe àwọn àgbà tó jókòó yí i ká láti gbèrò. Ẹni tó bá sanwó oúnjẹ àti ibùsùn nílé onílé, orúkọ yẹn náà ni. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, òun náà ni.

Abdulkadir yọ ìṣó kúrò lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ti lọ sí ọ̀nà jíjìn. "Pákó kan ṣoṣo," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Káfíńtà wo ló là á?"

Lazarus ní ìwé kò sọ. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó ní kí àwọn wo ọ̀rọ̀ mìíràn. Abdulkadir di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀rọ̀ mìíràn ti báwo? Ẹni tí kò tí ì jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, tó tún ń bu òmíràn, òkèlè ni yóò há a lọ́fun. Èyí tó mi." Títí tó fi kú, kò kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kejì mọ́. Bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá kí i ní Gẹ̀ẹ́sì ní àárọ̀, bọ́ọ̀dù ni yóò fi dá wọn lóhùn, tìyì-tìyì.

Ìyàwó rẹ̀ Hajarat ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bàbá Bọ́ọ̀dù ti inú ìsọ̀ kígbe lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, "Ìyá Naheem, ẹ gbé bọ́ọ̀dù mi wá o, ebi ń pa mí!" Hajarat wọ ilé ìdáná lọ. Ó gbé abọ́ jáde, ó fi ọmọrí dé e, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un, ó tiẹ̀ bu omi ìṣanwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Bọ́ọ̀dù ṣí i. Egé pákó ìrókò kan ló wà níbẹ̀, wọ́n da ọbẹ̀ ilá lé e lórí.

"Ẹ jẹun re o," ni Hajarat wí. "Ẹ fi eyín ẹ̀yìn rún un."

Bàbá Bọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó suàn!" ló ń wí. "Ó suàn, ọbẹ̀ yìí suàn!" Ó lá ọbẹ̀ ara pákó náà tán kí Hajarat tó gbé iyán gidi jáde. Inú obìnrin náà máa ń dùn láti sọ ọ́, ó sì ti tó ìgbà mélòó kan tí ẹkún gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbi ọbẹ̀ ilá yẹn.

Ìrìn àjò Ararọ̀mí-Ọ̀pin náà ńkọ́? Mọ́tò akérò kún, èèyàn mẹ́rin ń fún ara wọn pọ̀ lẹ́yìn. Pákó Bàbá Bọ́ọ̀dù wà lórí mọ́tò, nítorí kì í rìnrìn àjò láìmú un dání, gbogbo wọn sì ti bú u ní gáréèjì títí. Níbi tí kò jìnnà sí Odò-Ọwá ni táyà ti rì sínú ẹrẹ̀. Awakọ̀ tẹ iná mọ́tò, ẹrẹ̀ fọ́n sí wọn láṣọ. Bàbá Bọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀, ó tú pákó rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú táyà, mọ́tò sì gun orí rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n fẹ́ wọlé padà. Ó fi ara dí ilẹ̀kùn.

"Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé. Báwo ni Òyìnbó ṣe ń pe ẹni tó bá wọ ọkọ̀?"

Wọ́n wò ó. Ìyáàlọ́jà kan tó gbé adìẹ dání ní òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Kò ní í há yín lẹ́nu, màmá. Ẹ pe bọ́ọ̀dù." Gbogbo wọn pè é lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ẹrẹ̀, awakọ̀ ló pè é kẹ́yìn. Lazarus tó bá a lọ lọ́jọ́ náà ní òun pè é lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọ̀rẹ́ òun ní pípè àkọ́kọ́ kò dénú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń sọ ló jóòótọ́, kí a má purọ́ mọ́ òkú. Ó lọ bá Álúfà Tìjání, ó ní wàláà tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ ìwé, bọ́ọ̀dù ni. Álúfà ní ó dára, pákó ni, ṣùgbọ́n láti inú èdè Lárúbáwá ni wàláà ti wá, ọ̀nà wọn ò pàdé níbì kankan. "Wọ́n pàdé lọ́wọ́ mi, Álúfà," ni Bàbá Bọ́ọ̀dù dáhùn. "Ta ló ń fá méjèèjì?" Ó tún ní bọ̀ọ̀dá tí a fi ń pe ẹ̀gbọ́n, láti ara bọ́ọ̀dù ló ti jáde: àwọn tó jọ jẹun lórí pákó kan. Lazarus fi ìwé hàn án pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bàbá Bọ́ọ̀dù wo ìwé náà tàánú-tàánú. "Ẹni tó kọ ọ́ ò tí ì dé Ìlọfà ni," ló wí.

Ṣùgbọ́n Lazarus mọ̀dí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi lè jọ̀wọ́ bọ̀ọ̀dá yẹn. Ọmọ méjì ni Bàbá Bọ́ọ̀dù bí, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, káfíńtà sì ni wọ́n. Naheem ẹ̀gbọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ ní Ìlọfà. Waliyullah àbúrò ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Nígbà tí ìyàwó Naheem bí ọmọbìnrin kan, wọ́n rán ẹnì kan sí Waliyullah kó wá síbi ìsọmọlórúkọ, torí pé fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi lọ́sẹ̀ náà. Òjò ba ọ̀nà jẹ́, ẹni tí wọ́n rán sùn sọ́nà, ìgbà tí Waliyullah máa gbọ́, wọ́n ti sọ ọmọ ní Amirat, wọ́n ti jẹ ẹran tán. Ó ní wọ́n sọ ọmọ lẹ́yìn òun bí ẹni pé òun ti kú. Naheem ní òun ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ di gbólóhùn asọ̀, gbólóhùn asọ̀ di ìdákẹ́. Bí Iléyá bá dé, bí ọ̀kan bá ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé kí ìyá wọn, èkejì á gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Bàbá Bọ́ọ̀dù bẹ̀ wọ́n, ó bínú, ó dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé mọ́ ni kí àwọn ọmọ méjèèjì tún máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí òun tó kú, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan wà tí Lazarus kò lè gbàgbé. Ìkùukùu bo gbogbo àfonífojì, ó funfun lọ títí, orí igi díẹ̀ ló yọ. Bàbá Bọ́ọ̀dù dùbúlẹ̀ gbalaja sórí pákó gígùn níwájú ìsọ̀, ó fi aṣọ òtútù bo ara dé àgbọ̀n. "Tíṣà, wá jókòó. Òkun rèé."

"Ìwọ tí o kò rí òkun rí."

"Ta ló sọ pé mi ò rí i? Kí ni èyí? Ulé wa ti ń lọ." Lazarus jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìkùukùu ń ṣí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ní ti tòótọ́, ó dà bí ẹni pé ìsọ̀ náà ló ń rìn, òun àti àkùkọ tó ń kọ nínú rẹ̀, àti Hajarat tó ń gbálẹ̀ tí wọn ò rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó tún sọ ti ọkọ̀ fún òun.

Lazarus sọ ọ́. Ó ní àwọn tó ń wádìí èdè ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ méjì ni bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ni pákó. Èkejì ni etí nǹkan, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n gbé pọ̀ pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́, ó ti di ọ̀kan.

Bàbá Bọ́ọ̀dù kò rẹ́rìn-ín. "Ọ gbọ́ ohun tí o ń fọ̀ un?" ló wí. "Àjèjì méjì, wọ́n di ọ̀kan. Àwọn tèmi, ọmú kan náà ni wọ́n mu." Ó fa aṣọ òtútù bo ojú. Lazarus fi ọwọ́ lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi là.

Inú ọyẹ́ yẹn náà ló kú. Ó kírun àsùbáà tán, ó jókòó sórí àga rẹ̀, nígbà tí Hajarat máa gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, ó ti lọ. Álúfà Tìjání ní kí wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun aílà, bí ó ti yẹ. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ ní lìkàfàní, àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ sàárè. Ìgbà náà ni ẹnì kan béèrè pákó.

Àwọn Mùsùlùmí ìlú náà kì í fi pósí sìnkú. Pákó ni wọ́n ń tò lé òkú lórí nínú sàárè, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà kàn án lára. Bàbá Bọ́ọ̀dù ló ń la pákó yìí fún gbogbo ìlú, kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Ó máa ń tò ó sílẹ̀ sẹ́yìn ìsọ̀. Naheem sáré lọ wò ó. Kò ku ẹyọ kan. Bàbá rẹ̀ ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ọlọ́fọ̀ kan ní Ọ̀sì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Ẹ̀rọ ìlàgi tó wà nítòsí ti kọṣẹ́. Ohun tó kù ni pákó apá ńlá kan tó nípọn, àti ayùn gígùn ọlọ́wọ́ méjì, èyí tí ẹni méjì ń fà láti ẹ̀gbẹ́ kìíní-kejì. Ayùn yìí ní òfin. Fífà ni, a kì í tì í. Bí o bá ti fà tán, o gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá kí ẹnìkejì lè fà. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ìlà ló ń sọ̀rọ̀, èkejì ló ń dáhùn. Bí wọ́n bá panu mọ́, ayùn á ṣìnà. Bàbá Bọ́ọ̀dù ti fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tí ì ga tó o, kò sì kọ́ ẹlòmíràn.

Naheem di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ó dúró. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Lazarus bá ká apá ẹ̀wù, ó di èkejì mú.

"Bàbá Tíṣà, ẹ má tì í. Ẹ fà á."

"Mo ń fà á!"

"Ẹ ti tì í."

Ayùn tẹ̀ kọrọdọ, ó dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Lazarus fìdí jókòó sínú lẹ́búlẹ́bú pákó, fìlà rẹ̀ yí gbiri lọ. Nínú ilé, àwọn obìnrin tó ń sunkún yọjú lójú fèrèsé, ẹ̀rín sì já wọn gbà. Hajarat gan-an rẹ́rìn-ín, ó tún fi ẹkún parí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀kadà ti dé láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Waliyullah sọ̀kalẹ̀, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó wọlé lọ wo bàbá rẹ̀. Nígbà tó jáde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó fa Lazarus dìde, ó gbọn eruku kúrò láṣọ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ ayùn mú.

Wọ́n fà. Àwọn méjèèjì jọ fà lẹ́ẹ̀kan náà, ayùn dúró gbagidi. Wọ́n tún fà, ó tún dúró. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ sàárè ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn ń retí pákó.

"Jọ̀wọ́ rẹ̀," ni Naheem wí.

"Mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀."

Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó pupa ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ó ń yà sí òsì."

"Mo rí i. Ẹ rọra."

Pákó kìíní já. Wọ́n wọn ìkejì. Ó ti fẹ́ dé ìdajì kí Waliyullah tó tún sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lára ìlà.

"Amirat ńkọ́?"

"Ó ti ń sáré kiri."

"Oríkì wo lẹ fún un?"

Naheem ń fà á títí pákó ìkejì fi já. Ó nu ojú rẹ̀ nù. "A ò tí ì fún un ní oríkì. Abà wa tó kú yìí ni kò gbà. Wọ́n ní àyè tìẹ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí ọmọ náà bá ń sunkún, orúkọ lásán ni a ń pè, kò sí oríkì tí a ó fi rẹ̀ ẹ́."

Waliyullah fi ọwọ́ ayùn sílẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "Àbẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ máa kì í. Ó ti wà nínú mi láti ọjọ́ náà."

"Ìyá Amirat!" Naheem pariwo sínú ilé, ohùn rẹ̀ sì fọ́. "Gbé Àbẹ̀kẹ́ jáde, kó wá kí bàbá rẹ̀."

Ayọ̀ gbé Lazarus. Kò mọ ìgbà tó yí padà sí ojú fèrèsé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó fi gbogbo ohùn ké pé, "Kadiri! Kadiri, jáde wá gbọ́! Àwọn ọmọ rẹ ti ń sọ̀rọ̀!"

Ó ti pè é tán kó tó rántí. Ó dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú tì í, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Naheem wá dúró tì í lọ́tùn-ún, Waliyullah wá dúró tì í lósì, ọmọ sì wà láyà rẹ̀.

"Ẹ tún un pè, Bàbá Tíṣà," ni Waliyullah wí. "Ẹ pè é dáadáa, kí wọ́n lè gbọ́."

Lazarus sì tún un pè.